Alágbàtà, Olórí Ẹbí àti Awọnlẹ̀: Àwọn Tí Ń Dúró Láàárín Olùtà àti Olùrà Ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú

Òwe kan wà tí púpọ̀ nínú wa mọ̀, pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òwe yìí kò yin alágbàtà rárá. Ohun tí ó ń wí ni pé ọjà ì bá rọrùn bí ẹni tí ó ni ín àti ẹni tí ó fẹ́ ẹ bá lè fojú kan ara wọn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní ìbéèrè kan tí ó mú kí n tún òwe náà gbé yẹ̀ wò. Ó ní kí ni orúkọ ẹni tí ó ń bá ènìyàn wá ilẹ̀ rà tàbí tí ó ń bá a wá ilé gbé ní èdè Yorùbá? Mo ní alágbàtà ilẹ̀ ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ájẹ́ǹtì ni gbogbo ayé ń pè é ní àdúgbò àwọn, àti pé bí òun bá pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní alágbàtà lójúkojú, ìjà ni yóò dé.

Òótọ́ ni ó sọ, ó sì dùn mí, nítorí kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Gbà, kí o sì tà: ẹni tí ó gba ọjà lọ́wọ́ ẹnìkan láti tà á fún ẹlòmíràn ni alágbàtà. Ẹ má ṣe fi í wé agbódegbà, tí ó ti di orúkọ ẹni tí ń bá olè lẹ̀dí àpò pọ̀. Ẹ má sì ṣe dà á pọ̀ mọ́ aláròóbọ̀, nítorí aláròóbọ̀ ti fi owó tirẹ̀ ra ọjà kí ó tó gbé e kiri. Alágbàtà lè má fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀. Ohun tí ó ní ni ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti mímọ̀ tí ó mọ ènìyàn. Bí àwọn ènìyàn kò bá gba ẹnu rẹ̀ gbọ́, kò ní ọjà kankan.

Kò tilẹ̀ yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ yìí, nítorí iṣẹ́ alágbàtà wà nínú ohun tí ó sọ Ìjẹ̀bú di ọlọ́rọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilẹ̀ wa wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè. Ọjà Ẹ̀jìnrìn tí ó wà ní etí ọ̀sà ni iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù tí ó ń ti Èkó bọ̀ ń gbà wọlé. Àwọn oníṣòwò Ìbàdàn tí wọ́n ń ru epo àti ọjà mìíràn bọ̀ láti òkè kì í gba àárín Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí etí omi; ọjà Òru ni wọ́n ń dé, ibẹ̀ ni ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń pàdé wọn. Ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá lọ àti bọ̀. Àwọn Pàrákòyí, tí í ṣe olóyè òwò, ni wọ́n ń bójú tó àlàáfíà ọjà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kò fẹ́ ètò yìí, wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà ṣí gbalaja, ọ̀rọ̀ náà sì di ogun Ìmagbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Ìjẹ̀bú pàdánù ogun, ó sì pàdánù ẹnu ọ̀nà tí ó ń ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan. Nínú gbogbo ọjà tí mo kà sílẹ̀ yìí, ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Sámúẹ́lì Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé a kì í ta ilẹ̀ nínú òfin àwọn baba wa, pé ńṣe ni a ń fi í fún ènìyàn lò. Ohun tí a kò bá ń tà kò lè ní alágbàtà. Àmọ́ ó ní ẹni tí ń dúró láàárín, èyí gan-an sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ sí.

Bí àlejò bá dé ìlú tí ó sì fẹ́ ilẹ̀ tí yóò fi dáko, kì í lọ bá onílẹ̀ ní tààrà. Ó ní láti kọ́kọ́ ní ilé tí ó wọ̀ sí. Baálé ilé náà ni yóò mú un tọ olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ lọ, pẹ̀lú obì, orógbó àti ọtí. Olórí ẹbí kò ní dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Yóò pe àwọn àgbà ẹbí jọ, nítorí ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan, wọn yóò rán ènìyàn tẹ̀ lé àlejò lọ fi ààlà hàn án, wọn a sì gbin pẹ̀rẹ̀gún sí igun ilẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, àlejò yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó orí ilẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀rí pé àlejò ṣì mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé àlejò yìí hùwà àìdáa, tí ó ré ààlà kọjá tàbí tí ó kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀, ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ni baálé ilé tí ó mú un wá. Onígbọ̀wọ́ ni baálé náà. Orúkọ rẹ̀ ni ó fi dúró.

Irú ètò báyìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ẹ wo Sàbó ní Ìbàdàn, àdúgbò àwọn Haúsá tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1916, tí Abner Cohen kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1969. Olówò màlúù tí ó bá ti òkè ọya dé, ilé maigida rẹ̀ ni yóò wọ̀. Maigida yóò fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, yóò bá a wá ẹni tí yóò ra màlúù, a sì máa ní àwọn dillali tí ń ná ọjà fún un. Àwọn alápatà kì í sábà san owó lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwìn ni wọ́n ń rà, bí owó bá sì pẹ́ tàbí tí ó sọnù, maigida ni olówò yóò dì mú. Nítorí náà ni ó ṣe ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ń ráhùn. Owó náà kì í ṣe owó ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, owó ewu ni.

Ìjẹ̀bú tún ní ìṣòro tirẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní àwọn ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. P. C. Lloyd, ẹni tí ó kọ ìwé lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1962, fi Ìjẹ̀bú wé Oǹdó, Adó-Èkìtì àti Ẹ̀gbá. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ní Ìjẹ̀bú, ènìyàn a máa tẹ̀ lé ìyá wọnú ẹbí bí ó ti ń tẹ̀ lé baba. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan lè tipa bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ẹbí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́dọ̀ baba baba rẹ̀, ìyá baba rẹ̀, baba ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Ohun rere ni èyí fún ọmọ, nítorí kò sí ibi tí yóò dé tí kò ní rí ilẹ̀ dá. Fún ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ ńkọ́? Ó ní láti mọ gbogbo ẹni tí ó yẹ kí ó fọwọ́ sí i, àwọn kan nínú wọn sì lè wà ní ìlú mìíràn, kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ mìíràn, kí wọ́n má tilẹ̀ tíì fi ojú kan ilẹ̀ náà rí.

Ní Èkó ni ìwé ti kọ́kọ́ gba ipò lọ́wọ́ pẹ̀rẹ̀gún. Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn oníṣòwò òyìnbó ń fẹ́ ìwé tí wọ́n lè fi yáwó. Báyìí ni ilẹ̀ di ọjà, tí àwọn oníṣẹ́ tuntun sì jáde sí àárín olùtà àti olùrà: akọ̀wé tí ń kọ àdéhùn, lọ́yà tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti awọnlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sọ́fèyọ̀, tí ń fi ẹ̀wọ̀n irin wọn ilẹ̀ tí ó sì ń yà á sórí ìwé.

Awọnlẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Herbert Macaulay. Òṣèlú ni púpọ̀ nínú wa fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó ti ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà dé ní ọdún 1893, ó ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba títí di ọdún 1898, lẹ́yìn náà ni ó dá dúró. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá ní ọdún 1913, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, pe ẹjọ́ títí ó fi dé London. Macaulay ni ó bá a lọ ní ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre, wọ́n ní kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà ní kíkún gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àwùjọ onílẹ̀. Owó tí ìjọba san níkẹyìn jẹ́ £22,500. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí fún ohun kan tí a kì í sábà sọ nípa rẹ̀: nínú rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ bí a ti ń wọn ilẹ̀, tí ó mọ òfin òyìnbó, tí ó mọ àṣà Ìdẹ́jọ, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tí ó rán an. Lónìí a ti pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹni tí ó sì rán olúkúlùkù kì í sábà hàn.

Ilé-ẹjọ́ náà ti gbìyànjú láti sọ ẹni tí ó lè tà. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó ní ọdún 1908, wọ́n gbà pé àkọ́bí ọkùnrin, tí Èkó ń pè ní Dáwódù, ni ó ń di olórí ẹbí lẹ́yìn baba, ṣùgbọ́n bí òun náà bá kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni ipò kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà sọ pé bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, àwọn àgbà náà lè ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n tà á láìsí olórí ẹbí, kò sí títà níbẹ̀ rárá. Olùrà kò ra nǹkan kan. Ìlà-oòrùn ni ẹjọ́ náà ti wá, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń tọ́ka sí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá títí di òní.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1978 tún fi ẹlòmíràn kún àwọn tí ń dúró láàárín, ìyẹn gómìnà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni òfin fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá ti ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyẹn, kí ó wo ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní ọdún 1989, níbi tí báńkì ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilé tí wọ́n fi dúró fún owó yíyá, nítorí pé kò sí ìyọ̀ǹda gómìnà.

Ní ti àwọn amòye tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídá owó lé ilẹ̀ àti ilé, wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1969, ìjọba sì fi òfin ọdún 1975 gbé ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ náà kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ní ìlú kékeré ni ó ti fojú kan wọn rí?

Mo wá dé Ayépé. Ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú ni Ayépé wà, ní agbègbè ọ̀nà tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ sì ni a ti bí ìyá tí ó bí ìyá mi. Oko kòkó, obì àti ẹ̀gẹ́ ni a fi mọ ilẹ̀ àdúgbò náà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀nà ńlá ti gba agbègbè wa kọjá, àti láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì Táí Ṣólàárìn sílẹ̀ ní Ìjagun ní ọdún 2005, ojú tí a fi ń wo ilẹ̀ ti yàtọ̀. Púlọ́ọ̀tì ni a ń kà báyìí.

Olùkọ́ kan tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì méjì. Ó rí ájẹ́ǹtì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí kò mọ onílẹ̀ kankan ní Ayépé, ó pe ẹnìkejì ní Odògbolú. Ẹnìkejì pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì mú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tí ó ní òun ni olórí ẹbí. Olúkúlùkù ló fi tirẹ̀ lé e. Iye tí àgbàlagbà náà dá kọ́ ni olùkọ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ní kí ó san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ wọn, kí wọ́n pín in. Wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n mú awọnlẹ̀ wá, wọ́n ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Ìgbà tí búlọ́ọ̀kù dé ilẹ̀ náà ni àwa gbọ́.

Ìdí igi mẹ́ta ni ẹbí náà ní. Méjì pín owó náà, wọ́n gbàgbé ẹ̀kẹta, tí í ṣe ti ìyá ìyá mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ obìnrin ni wá. Ẹni tí ó dàgbà jù láàyè nínú gbogbo ẹbí nígbà náà sì ni ìyá àgbà kan, àbúrò ìyá ìyá mi, tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ó lè ka orúkọ àwọn tí ó ni oko láti Ayépé dé etí odò láìṣi ẹyọ kan.

Àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹbí tiwa fẹ́ lọ wó ohun tí olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìdí igi kejì, ní tiwọn, ti ń bèèrè owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ owó dẹ́kìn àti owó òrùlé tí yóò san tí ilé bá ga. Ní ọdún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tí ó lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀, ti Èkó tilẹ̀ fi òfin de irú owó báyìí lójú ibi tí ènìyàn ti ń kọ́lé. Ọ̀rọ̀ tiwa ṣẹlẹ̀ ṣáájú òfin náà, kò sì dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá bìkítà fún un.

Ìyá àgbà ni ó ní kí wọ́n pe ìpàdé. Lọ́yà kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹbí ṣàlàyé ẹjọ́ ọdún 1908 àti ti ọdún 1959 fún àwọn tí ó wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ta ilẹ̀ dákẹ́. Ìyá wá kọjú sí ájẹ́ǹtì mẹ́ta, nítorí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n sì wá. Ó bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ni ó rán ọ?" Ẹni àkọ́kọ́ ní olùkọ́ ni. Ìyá ní, bí ó bá jẹ́ olùkọ́ ni, èéṣe tí ìwọ kò bèèrè lọ́wọ́ ẹbí wa kí ó tó fi owó rẹ̀ sílẹ̀? Ẹnìkejì ní ẹni àkọ́kọ́ ni ó rán òun. Ẹnìkẹta, tí í ṣe ọmọ wa, kò lè sọ ẹni tí ó rán an.

A kò lé olùkọ́ náà. Ìyá àgbà fi àtàǹpàkò tẹ ìwé tuntun tí lọ́yà kọ, aṣojú ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, awọnlẹ̀ sì tún ìwé rẹ̀ yà nítorí ọ̀kan nínú òkúta ààlà rẹ̀ ti wọnú oko ẹlòmíràn. Àwọn ìdí igi méjì yọ ìpín tiwa jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọdún méjì. Ní ti àwọn ájẹ́ǹtì, òfin kò fi dandan lé e pé kí wọ́n dá nǹkan kan padà. Ẹnìkejì kò gbé fóònù mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ó ti Ìjẹ̀bú-Òde padà wá pẹ̀lú ìdajì ohun tí ó gbà, ó gbé e síwájú ìyá àgbà, ó ní kí ó fi fún olùkọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá fẹ́ fún àlejò ní ilẹ̀, òun ni ìyá ń ní kí wọ́n pè, títí ó fi di olóògbé. "Ẹ bá mi pe alágbàtà mi," ni ó máa ń wí, níṣojú ọkùnrin náà pàápàá. Kò bínú sí i rí.